Ìgbà Tí Lorna Pa Ìwé Dé

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé ẹni tó ń kàwé náà ló ń mọ̀wé, ẹ ní kó wá bi mí. Mo ti rí ẹni tó kàwé títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, tí kò sì rí nǹkan kan mú dání. Lorna Dykhuis ni mò ń wí. Ọ̀rẹ́ mi ni, ṣùgbọ́n n ò ní í tìtorí ọ̀rẹ́ purọ́.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó wà ní ìlú wa níhìn-ín ní Iowa, ní Amẹ́ríkà, la jọ ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ń dáná. Òun ń wẹ̀ fún àwọn àgbà, ó ń wọṣọ fún wọn, ó ń gbé wọn láti orí ibùsùn sórí àga. Ó ti lé lẹ́ni ogójì ọdún. Dale ọkọ rẹ̀ ń fi ọkọ̀ ńlá kó ẹlẹ́dẹ̀ lọ sọ́jà, àwọn ọmọ wọn sì ti kúrò nílé. Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ obìnrin yìí lọ́kàn: ó fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Ó ti sú u láti máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kí ẹlòmíràn máa wá sọ ohun tó ń ṣe aláìsàn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì jìnnà sí wa, yìnyín sì máa ń dí ọ̀nà, nítorí náà orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara èèyàn ni wọ́n ní kó kọ́kọ́ yege. Ó kùnà rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Tó bá tún fi lè kùnà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, wọn ò ní gbà á síbi ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì mọ́ láyé.

Èmi nìkan ló sọ fún. Àwọn tí baba ńlá wọn ti ilẹ̀ Holland wá ló pọ̀ jù ní ìlú wa, wọn kì í sì í sọ ìṣòro wọn síta. Bí òrùlé ẹnì kan bá jó mọ́jú, tí o bá bi í láàárọ̀ pé báwo ni nǹkan, á ní, "Kò burú jù." Dale mọ̀ pé ìyàwó òun ń kàwé, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ó kùnà. Wiebe, bàbá Dale, tó ń gbé nínú ilé kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wọn, kò tiẹ̀ mọ nǹkan kan nípa ìwé rárá.

Ẹ wá wo bí Lorna ṣe ń kàwé ná. Á ki íápíìsì bọ etí, á tan fídíò olùkọ́ rẹ̀, á sì mú kó máa sáré kó lè tètè tán. Ọkùnrin ọlọ́kùnrin á wá máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé. Lorna ń nulẹ̀, olùkọ́ ń sọ̀rọ̀. Lorna ń wakọ̀, olùkọ́ ń sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ ọ títí ó fi máa ń rẹ́rìn-ín kí olùkọ́ tó dẹ́nu lé àwàdà. Ìwé tó rà, ó fi bírò aláwọ̀ yẹ́lò kùn ún láti òkè délẹ̀, débi pé ibi tí kò kùn ló wá ń fa ojú mọ́ra.

Ó tún ku ti ọjọ́ Ìsinmi. Òru Sọ́ńdè ni gbèdéke iṣẹ́ àṣetiléwá wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù máa ń dùbúlẹ̀ ṣe tiwọn ní Sọ́ńdè. Ní ìlú tiwa ńkọ́? Ta ló jẹ́ ṣiṣẹ́ ní Sọ́ńdè? Wọn kì í gé koríko, wọn kì í sá aṣọ. Ẹni tó bá dán an wò, gbogbo ìlú á ti gbọ́ kí aṣọ náà tó gbẹ. Nítorí náà Sátidé ni Lorna ń kó gbogbo ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ sí. Á jókòó ti kọ̀m̀pútà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, á máa gbé ẹ̀kọ́ mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu. Tó bá fi máa di Túsìdeè, ó ti fò lọ.

Mo sọ fún un nínú ilé ìdáná lọ́jọ́ kan, mo ní, "Lorna, ṣé Ọlọ́run ló ní kó o fi Sátidé pa ara ẹ ni?"

"Má bẹ̀rẹ̀, Ládùn."

"N ò tíì bẹ̀rẹ̀ o. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀, wàá mọ̀."

Ìdánwò àkọ́kọ́ nínú ẹ̀ẹ̀kejì yìí dé, ó tún fìdí rẹmi. Inú yàrá tí a ń kó ìrẹsì àti fúláwà sí ni mo ti bá a, ó jókòó sórí àpótí, ó ń sunkún láìjẹ́ kí ohùn jáde. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Lẹ́yìn náà inú bí mi, torí mo mọ̀ pé obìnrin yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òmùgọ̀.

"Nu ojú ẹ," mo ní. "Kí ni olùkọ́ ẹ sọ lánàá?"

"Kíndìnrín."

"Ó dáa. Kí ló sọ nípa kíndìnrín?"

Ó la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún là á. "Mo mọ̀ ọ́n, Ládùn! Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Tí mo bá ṣáà ti rí i, màá dá a mọ̀."

"Ta ló wá fẹ́ gbé e wá fi hàn ọ́? Ṣé aláìsàn ló máa ṣí ìwé fún ọ ni?"

Ó dìde, ó gbọn fúláwà kúrò lára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́. Ó dùn mí pé mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ òótọ́ ni mo sọ.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí n wá jẹun ọ̀sán lẹ́yìn ìsìn. Ọbẹ̀ ẹ̀wà la jẹ, pẹ̀lú búrẹ́dì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n sun gbẹ. Ní ilé Dykhuis, kọfí kì í dé tábìlì lẹ́yìn oúnjẹ Sọ́ńdè àfi tí oníkálùkù bá sọ ohun tí pásítọ̀ wàásù. Wiebe ló ń bèèrè. Bàbá náà ti kọjá ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ mú bí ti àṣá, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ìwé. Ó gbé ọwọ́ lé ìdérí ìkòkò kọfí.

"Dale. Kí ló sọ?"

Dale ní, "Ó sọ̀rọ̀ nípa Náámánì adẹ́tẹ̀, Bàbá. Pé ó lọ wẹ̀ lódò."

"Kí ló dé tí kò fẹ́ wẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Odò yẹn dọ̀tí?"

"O sùn. Lorna?"

Ha! Ẹ ò bá wà níbẹ̀. Lorna tò ó lẹ́sẹẹsẹ, láti orí ìgbéraga Náámánì dé orí ọmọdébìnrin tó júwe ọ̀nà fún un. Ó ní pásítọ̀ tó wà níbí nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ ti wàásù lórí ibẹ̀ rí, ó sì tún ka ohun tí ìyẹn náà sọ. Ogún ọdún ti lé lórí ìwàásù yẹn o! N ò mọ ìgbà tí mo lu tábìlì.

"Lorna! Ìwọ yìí náà lo ní o ò lè rántí kíndìnrín?"

Mo ti da epo síná. Lorna wojú mi bíi pé kó pa mí jẹ.

Wiebe ní, "Kíndìnrín wo?"

Kò sí ibi ìsápamọ́ sí mọ́. Lorna sọ ọ́ jáde: pé òun ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, pé òun ti kùnà lẹ́ẹ̀kan, pé ìdánwò tó ń bọ̀ yìí lòpin. Dale kò lè gbójú sókè. Ó ní, "O lè sọ fún mi." Lorna ní, "Mo mọ̀."

Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ fà á. Ẹ ti bi í ní ìwàásù láti ìgbà tó ti wọlé yín, ìyẹn ló ṣe wà lórí rẹ̀. Ta ló ń bi í ní ti kọ̀m̀pútà?"

Arúgbó náà gbọ́wọ́ kúrò lórí ìkòkò kọfí. "Èmi náà ní kíndìnrín. Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

Dale ní, "Bàbá, Sọ́ńdè mà nìyí."

"Ìwọ ọmọ yìí, ìgbà wo ni ọ̀rọ̀ ẹnu di iṣẹ́? Ẹni tó dá Náámánì náà ló dá kíndìnrín. Lorna, mò ń gbọ́."

Ó sọ gbólóhùn méjì, ó há. Bàbá náà kò ràn án lọ́wọ́, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn bu kọfí fún un. Ó ní kó lọ wá èyí tó ṣẹ́kù, kó padà wá lọ́la.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lorna dẹ́kun gbígbọ́ olùkọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Tó bá délé, á jókòó, á gbọ́ ọ ní ìwọ̀n ohùn ọmọ ènìyàn, díẹ̀ lójúmọ́. Lẹ́yìn náà á pa kọ̀m̀pútà dé, á pa ìwé dé, á gba ẹ̀yìn ilé lọ bá Wiebe ní ọwọ́ lásán. Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ burú. Ó sọ fún mi pé ojú ti òun ju ọjọ́ kan tí òun yọ̀ ṣubú níwájú ìjọ lọ. Bàbá náà á ní, "Kí ló sọ?" Lorna á sọ ọ́. Á tún ní, "Kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀?" Ibẹ̀ ni Lorna ti máa ń há. Ohun tó bá há mọ́ ọn lẹ́nu nìkan ló máa ń padà lọ wò nínú ìwé. Nígbà tó bá sì rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ egungun, bí wọ́n bá wà lórí iṣan ẹ̀jẹ̀, bàbá á ní, "Dúró ná. Egungun ẹ̀yìn tí o sọ lọ́jọ́sí, tún un sọ." Èmi á máa rẹ́rìn-ín tí mo bá wà níbẹ̀. Àmọ́ máàkì rẹ̀ ń gòkè, Sátidé rẹ̀ sì ti fúyẹ́. Ó tiẹ̀ ráyè bá mi ṣe kéèkì.

Wọ́n wá dé orí ọkàn. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọbẹ̀ ni mo gbé wá fún bàbá. Lorna ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Ọkàn tó bá ti rẹ̀, Bàbá, kò ní lè ti ẹ̀jẹ̀ lọ bó ṣe yẹ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ á máa há sẹ́yìn. Omi á wá máa jò jáde nínú iṣan, á máa sọ̀ kalẹ̀ sí..."

Mo wo ibi tó ń wò. Bàtà Wiebe kò ní okùn mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú yọ létí rẹ̀. A ti ń rí i tipẹ́. Tí a bá bi í, á ní kò burú jù.

"Sí ibo?" bàbá ní.

"Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ di ọ̀la."

"Parí rẹ̀."

"Sí ẹsẹ̀, Bàbá."

"Ṣé ó máa ń sàn?"

Lorna wò mí. N ò lè gbà á sílẹ̀, kò sì sí ìwé tó lè ṣí. "Oògùn lè mú un rọlẹ̀. Èèyàn lè bá a gbé pẹ́. Ṣùgbọ́n kì í sàn tán."

Bàbá náà ro kọfí rẹ̀ títí ó fi tutù. Ó ní, "Dókítà ti sọ ọ́ fún mi nígbà ìkórè àgbàdo. Ó ń sọ ọ́, mò ń mirí. Mo rò pé ó yé mi. Ìgbà tí mo délé, n ò lè sọ ẹyọ kan fún Dale." Ó ti ife náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Tún un sọ. Rọra."

Lorna tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì fo nǹkan kan. Èmi tí mò ń fọ́nnu kiri yìí, ẹ̀yìn ilé ni mo sá lọ. Ọjọ́ kejì Dale gbé bàbá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà, bàbá náà sì bèèrè ìbéèrè títí dókítà fi jókòó.

Ilé mi ni Lorna ti ṣe ìdánwò àṣekágbá, torí ajá tiwọn kì í panu mọ́, kámẹ́rà kọ̀m̀pútà sì ń ṣọ́ ọ kó má bàa jí ìwé wò. Orí tábìlì ní láti mọ́ foo. Mo jókòó sínú ilé ìdáná, n ò lè jẹ, n ò lè mu. Lórí ọgọ́rùn-ún, ó gbọ́dọ̀ gba ọgọ́rin kó tó lè wọlé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Nígbà tó jáde, ó kọ́kọ́ dì mọ́ mi kó tó lè sọ̀rọ̀: mẹ́rìnlélọ́gọ́rin! Mo pariwo débi pé aládùúgbò wa yọjú.

A sáré lọ sọ́dọ̀ Wiebe. Dale wà níbẹ̀, ó gbé ìyàwó rẹ̀ sókè. Arúgbó náà gbọ́ máàkì náà, ó mi orí.

"Àwọn mẹ́rìndínlógún tó kù ńkọ́?"

"Bàbá!" Dale ní. "Ẹ kí i kú oríire."

Inú bí mi, mi ò ní parọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin ò ṣeé bá yọ̀ rárá!"

"Mo kí i." Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ Lorna mú. N kò rí i kó di ọwọ́ ẹnikẹ́ni mú rí. "O kú oríire, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé mi wá síwájú ẹ, tó bá jẹ́ inú mẹ́rìndínlógún yẹn ni àìsàn mi bọ́ sí, kí lo fẹ́ sọ fún mi?"

Lorna bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga, ó jókòó síwájú rẹ̀.

"Orí ẹ̀dọ̀ ni mo ti pàdánù jù," ó ní. "Ẹ fún mi di ọ̀la kí n wá a."

"Mo wà níbí lọ́la," ni Wiebe wí.