Sólà Orí Ibojì Bàbá

Òórùn èèpo ọsàn ló máa ń gbé ọjọ́ yẹn padà wá sí mi lọ́kàn. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Fìdítì, mò ń bó ọsàn fún àwọn èrò ọkọ̀, nígbà tí ọkùnrin tó fẹ́ bá wa ṣe sólà rìn dé. Kò jókòó.

"Àǹtí, mo ti yí gbogbo àgbàlá yín po. Ibì kan ṣoṣo ni oòrùn kì í kúrò láti àárọ̀ dalẹ́. Ibojì bàbá ọkọ yín ni."

Ọ̀bẹ yẹ̀, ó gé mi lọ́wọ́, omi ọsàn sì ń ta mí.

Ó yẹ kó o mọ ohun tó gbé wa débẹ̀. Ikọ́ fée ń da ọmọbìnrin mi láàmú. Bó bá dé, àyà rẹ̀ á máa súfèé, ẹ̀rọ tó ń fín oògùn sí i nímú nìkan ló ń rọ̀ ọ́, iná sì ni ẹ̀rọ náà ń lò. Iná ìjọba kò wọ́n tó jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà, àmọ́ ìgbà tó bá wù ú ló ń yọjú. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kò ṣòro rà. Epo rẹ̀ ló ń jẹ owó ẹni tán, èéfín rẹ̀ sì tún ń jí ikọ́ ọ̀hún. Sólà gba owó gọbọi lẹ́ẹ̀kan náà, bátìrì rẹ̀ á sì kú lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n oòrùn kì í béèrè owó. Èmi àti ọkọ mi dá àjọ títí a fi kó o. Òrùlé wa ti dípẹtà, kò lè gbé e. Igi máńgòrò aládùúgbò sì ti bo ilẹ̀ tó kù.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin fi igbe ta: "Ẹ fẹ́ sọ bàbá wa di òpó iná? Ẹ ò ní jẹ́ kí wọ́n sinmi ni?" Mi ò bá a jà. Ọ̀sán gangan ni, síbẹ̀ orí èmi náà ń wú.

Ìyá ọkọ mi lọ fi àtẹ́lẹwọ́ kan sìmẹ́ǹtì ibojì tó gbóná, wọn ò gbé e kúrò, bí ẹni tó ń dúró de èsì. Wọ́n wá kọjú sí ọmọ wọn obìnrin: "Ṣebí ẹ̀yìn bàbá yìí ni gbogbo yín gùn dàgbà. Ọmọ ọmọ wọn kan yìí ló kù tí wọ́n máa pọ̀n."

Àwọn onísólà ri irin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì, wọ́n gbé sólà lé e, ó ṣíji bò ó. Yàrá bàbá ló sún mọ́ ọn jù, ibẹ̀ ni wọ́n kó bátìrì àti ínfátà tó ń sọ agbára bátìrì di iná ilé sí, yàrá tí a kò tíì ṣí láti ọjọ́ tí wọ́n gbé bàbá jáde. Bí wọ́n ṣe tàn án, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́yìn ògiri, á ròkè, á rọlẹ̀. Ìyá ọkọ mi di ọwọ́ mi mú.

"Ìyàwó, báyìí gan-an ni bàbá ṣe máa ń hanrun."

Onísólà ní fáànù inú ínfátà ni. A gbà á gbọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó wọ yàrá náà lọ́jọ́ yẹn láìkan ilẹ̀kùn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ikọ́ dé. Iná ìjọba ti lọ tipẹ́. Mo gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, mo tan ẹ̀rọ, mo sì ń gbọ́ mímí méjì: tirẹ̀ àti ti ẹ̀yìn ògiri. Díẹ̀díẹ̀, tirẹ̀ rọlẹ̀. Nígbà yẹn ló yé mi pé a ti ṣírò ohun tí ọ̀nà iná kọ̀ọ̀kan máa gbà lọ́wọ́ alààyè, ṣùgbọ́n a ò ṣírò ohun tí òkú máa dá sí i.

"Mọ́mì, ta ló ń sùn nínú yàrá bàbá àgbà?"

Mi ò purọ́ fún un. Mo ní, "Kò sẹ́ni tó ń sùn, ọmọ mi. Ẹ̀rọ ni. Bàbá àgbà ló fún un láyè nínú oòrùn wọn, kí ìwọ lè mí. Tó o bá ń kọjá, máa kí wọn."