Nígbà Tí Mo Di Tíṣà Nọ́ọ̀sì Òyìnbó

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Sísítà Rúùtù bi mí ló mú kí òógùn bò mí. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè ìdí tí a fi ń sọ "mo lọ" níbì kan, tí a tún ń sọ "mo ti lọ" níbòmíràn.

Owó wa ṣẹ̀ṣẹ̀ di náírà nígbà náà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Káàdì aláìsàn ni mo ń kọ ní ọsibítù kan ní Ṣakí kí mátírọ́ọ̀nù, òyìnbó àgbà kan tó jẹ́ ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, tó ní kí n máa kọ́ Sísítà, nọ́ọ̀sì òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ní Yorùbá. Inú mi dùn. Èdè tí wọ́n fi rẹ̀ mí lẹ́kún, kí ló kù tí n kò mọ̀ níbẹ̀? Àṣé sísọ ni mo mọ̀ ọ́n sọ.

Mo purọ́ fún un pé ẹ̀kọ́ ọ̀la nìyẹn, mo sì sáré lọ yá ìwé gírámà Gẹ̀ẹ́sì. Òyìnbó ti gé àsìkò wẹ́wẹ́ síbẹ̀: èyí tó kọjá, èyí tó ń lọ lọ́wọ́, èyí tó ti parí ṣùgbọ́n tí kò tíì tán nílẹ̀. Mo ń há a sórí tẹ̀rùtẹ̀rù.

Ìyàwó mi ní, "Bàbá Sàfú, àdúrà wírídì tuntun lẹ gbà ni?"

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mátírọ́ọ̀nù ní kí Sísítà dá bá aláìsàn sọ̀rọ̀ lójú òun. Bí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, wọn yóò gbé e lọ síbòmíràn, èmi yóò sì padà sídìí káàdì.

Màmá àgbà kan láti Àgọ́-Àrẹ wọlé, wọ́n di ikùn mú. Sísítà kúnlẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, Mà. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni, ọmọ mi."

"Ṣé ara yín le?"

"Alihamudulilahi, ara le. Àwọn ará ilé yín ńkọ́?"

Yorùbá náà dán mọ́rán. Sísítà kọ ọ́ pé ara màmá le, ó ní kí wọ́n máa lọ sílé. Mátírọ́ọ̀nù rẹ́rìn-ín sí mi. Màmá fọwọ́ ti ògiri, wọ́n ń dìde.

Bí mo bá dákẹ́, a ti yege. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún mátírọ́ọ̀nù pé ìkíni lásán ni màmá ń dáhùn, pé èmi ni n kò kọ́ Sísítà pé aláìsàn pàápàá ń dúpẹ́ bí a bá kí i. Gbogbo àsìkò tí mo há sórí ló dà rú mọ́ mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi yé mátírọ́ọ̀nù.

Mo yíjú sí màmá. "Ìyá, kí ló ń ṣe yín gan-an?"

"Inú rírun ni. Ọjọ́ kẹta rèé tí n kò lè jẹun. Látẹ̀ẹ̀kan, ẹ ń kí mi ni, ẹ ò tíì bi mí."

Ọjọ́ náà ni dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n sì yè é.

Mo ti ń palẹ̀ mọ́ láti padà sídìí káàdì nígbà tí mátírọ́ọ̀nù ní ká tún fi oṣù mẹ́ta sí i. Lọ́jọ́ kejì, mo mú Sísítà lọ sórí bẹ́ǹṣì tí àwọn aláìsàn ti ń retí dókítà. Mo ní kó má sọ nǹkan kan, kó ṣáà máa gbọ́. Èmi náà jókòó tì í, mo ń gbọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ èdè yìí, n kò jókòó gbọ́ ọ rí.