Ẹyẹ Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ibùsùn Ìyá

Bí ẹ kò bá tíì rí owú lójúkojú rí, ẹ̀ bá wo ojú Olóǹtẹ̀ lọ́jọ́ tó rí káàdì àbúrò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá wọn. Olóǹtẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Káàdì ìkíni ló ń ṣe: ti ọjọ́ ìbí, ti ìgbéyàwó, ti ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ọ̀bẹ tín-ín-rín gbẹ́ àwòrán sára rọ́bà, táá lẹ rọ́bà mọ́ pákó kékeré kó di òǹtẹ̀, táá tẹ̀ ẹ́ sínú yíǹkì, táá wá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Bó bá gbẹ́ ẹyẹ, àfi kéèyàn yáa ti fèrèsé kó má baà fò lọ. Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kì í mọ́. Ọṣẹ ti bá yíǹkì ibẹ̀ jà títí, ọṣẹ ti gba kámú.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ obìnrin ti kọ́ṣẹ́. Ọmọ náà gbìyànjú, àmọ́ ọ̀bẹ kò bá a lọ́wọ́ mu. Nígbà tó yá, ó lọ ra ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń fọwọ́ yí, àti àwọn irin tí wọ́n ti ṣe ẹnu wọn bí òdòdó, bí ewé, bí ẹyẹ. Á gbé irin lé bébà, á tì í sínú ẹ̀rọ, á yí i, ẹyẹ á gé já. Á wá fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹyẹ lé ẹyẹ títí yóò fi ga sókè lórí káàdì. Ni àwọn oníbàárà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Olóǹtẹ̀ yínmú. "Irin ló ń ṣiṣẹ́, òun kàn ń yí ọwọ́ bí ẹni ń lọ àgbàdo. Ìyẹn náà niṣẹ́?" Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún kò dénú. Láti ìgbà náà, kì í fi òǹtẹ̀ sílẹ̀ nílé mọ́. Inú àpò ọwọ́ rẹ̀ ló ń kó gbogbo wọn sí, kí ẹnì kan má baà yà wá wò wọ́n kọ́.

Ti oníbàárà, ó ń rọ́jú gbé e mì. Ti ìyá wọn ni kò ṣeé gbé mì. Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ ìbí ìyá bá kò, káàdì Olóǹtẹ̀ ni ìyá ń gbé sórí tábìlì kékeré ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí ọdún á fi yípo. Fìtílà àti ife omi ti gba ibẹ̀ tán, àyè káàdì kan ṣoṣo ló kù. Lójú Olóǹtẹ̀, ẹni tó bá ni àyè yẹn ló ni ìyá.

Lọ́dún yìí, ó gbẹ́ àdàbà kan tó na apá, tí ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan dá yàtọ̀. Ó fi yíǹkì búlúù tẹ̀ ẹ́, ó gbé e lọ fún ìyá. Ìyá gbà á, kò tilẹ̀ gbé e sún mọ́ ojú.

"Ó dára, ọmọ mi. Kí ló wà lórí ẹ̀?"

"Ẹyẹ ni, Màámi. Ṣé ẹ ò rí i ni?"

"Mo rí i jàre. Ẹnu ẹ ni mo fẹ́ kó ti jáde."

Ó fa àpótí abẹ́ tábìlì, ó ti káàdì náà síbẹ̀.

Nígbà tí Olóǹtẹ̀ padà wá lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, káàdì ta ló bá lórí tábìlì? Ti àbúrò! Òun náà ṣe ẹyẹ, ẹyẹ onírin, ẹyẹ alẹ̀mọ́! Háà! Ara Olóǹtẹ̀ gbóná, ó tutù, ó tún gbóná. Ọmọ tó jẹ́ pé òun lòun kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di bébà mú! Wọ́n ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Ìwọ̀nba èyí tó kù láyà tiẹ̀, ọjọ́ yẹn ló tán.

Ìyá wà nílé ìdáná, ó ń wá ṣúgà, ó ń ṣí agolo kan tẹ̀ lé òmíràn, ó ń gbóòórùn wọn. Olóǹtẹ̀ kò fiyè sí i. Ẹyẹ yẹn ló ń wò, bó ṣe gbé àyà sókè bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé. Ẹ gbọ́ ohun tí àgbàlagbà yìí ṣe o. Ó na àtàǹpàkò, ó tẹ ẹyẹ náà mọ́lẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń tẹ òǹtẹ̀, pẹ̀lú gbogbo agbára, títí ó fi di pẹlẹbẹ. Ó dá káàdì padà sáyè rẹ̀, ó jókòó, ó ká ọwọ́ lé itan bí ọmọ rere. Inú ń bí èmi tí mò ń sọ ọ́.

Ìyá wọlé, ó jókòó sórí ibùsùn. Ọwọ́ rẹ̀ lọ tààrà sórí tábìlì, ó mú káàdì, ó fi ìka tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìka náà dúró. Ó tún padà sẹ́yìn.

"Ẹyẹ mi dà?"

"Ó wà níbẹ̀, Màámi. Ẹ wò ó dáadáa."

"Kò sí níbẹ̀. Láàárọ̀ yìí ni mo ṣì fọwọ́ kan apá ẹ̀."

Ìgbà náà ni Olóǹtẹ̀ tó wo ojú ìyá rẹ̀. Ojú là sílẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri ló ń wò.

"Màámi! Láti ìgbà wo?"

"Ó ti ṣe díẹ̀. Má pariwo. Bí ẹ bá gbọ́, ẹ ó ní kí n kúrò nílé mi, kí n wá máa jókòó sí pálọ̀ yín bí àga." Ìka rẹ̀ ṣì ń wá ẹyẹ kiri. "Tìẹ, ọmọ mi, bébà lásán ni lọ́wọ́ mi. Mo fọwọ́ pa á títí, mi ò rí nǹkan kan. Ó dùn mí ni mo ṣe tì í sínú àpótí."

Omijé dà lójú Olóǹtẹ̀. Gbogbo owú tó ń jẹ yìí, àṣé ìka ìyá ló ń wá ohun tí yóò dì mú! Ó ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀. Nínú iṣẹ́ wọn, káàdì ni wọ́n ń fún èèyàn, ta ló ń fún èèyàn ní òǹtẹ̀? Ó yọ òǹtẹ̀ àdàbà náà, ó gbé e sí ìyá lọ́wọ́.

Ìyá fi ìka wọ́ ọ lára jẹ́jẹ́. "Ìrù rèé. Apá rèé... ẹ gbà mí, ó tún ní ojú! Ìwọ lo gbẹ́ èyí?"

"Èmi ni, Màámi."

"Má gbà á padà lọ́wọ́ mi o."

"Tiyín ni."

Olóǹtẹ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ìyá gbé káàdì àbúrò sí imú, ó fa òórùn rẹ̀ símú, ó ní, "Ta ló wá tẹ eléyìí pa?"

"Bóyá ife ló..."

"Ife ò ní yíǹkì lọ́wọ́."

Olóǹtẹ̀ sorí kọ́. "Èmi ni. Owú ni mò ń jẹ, Màámi."

"Mo mọ̀. O ti ń jẹ ẹ́ látọjọ́ tí mo ti bí àbúrò ẹ. Lọ bá a, kó gé ẹyẹ mìíràn fún mi, kí o sì fẹnu ara ẹ sọ ẹni tó pa ti àkọ́kọ́." Ó na ọwọ́ sí tábìlì, ó ti fìtílà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. "Gbé èyí kúrò níbí, kí ẹyẹ méjèèjì lè ráyè. Mi ò lò ó mọ́."