Báńdéèjì Ọlọ́sẹ̀ Kan

Ìyá Báńdéèjì la máa ń pè é nínú ilé wa, kò sì bínú sí i. Ọmọ Bàbá Dírẹ́bà ni, tí yàrá wọn kọjú sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ní ọsibítù ni kó máa po oyin mọ́ oògùn, kó tẹ́ ẹ sórí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó wá wò ó bóyá egbò á gbà á. Ọdún ń gorí ọdún. Èyí àkọ́kọ́ ń yọ́ bọ́ sílẹ̀, òmíràn lẹ̀ mọ́ ẹran ara bí àtè. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, ògiri ló ń dì mú rìn. Mo ní ara kì í ṣe òkúta, ó ní òun ti gbọ́. Irọ́ ni, kò gbọ́ nǹkan kan.

Egbò ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ di ẹrú iṣẹ́ yẹn, egbò àtọ̀gbẹ tó kọ̀ tí kò jiná. Tẹ́lẹ̀, òwú ló fi ń dì í. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń wá tú u, òwú á sì máa hú awọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bò ó. Bàbá á ké, ọmọ á sunkún, lẹ́yìn náà wọ́n á jọ máa bú ara wọn ṣeré.

Nígbà tó ṣe báńdéèjì tó dáa jáde, gbogbo wa la yọ̀. Tí wọ́n bá ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ egbò, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i fún ọ̀sẹ̀ kan, kí awọ lè ráyè hù lábẹ́ rẹ̀. Ọsibítù fi wo àwọn aláìsàn mìíràn, egbò wọn ń jiná. Ti Bàbá nìkan ló kọ̀. Bàbá á ránṣẹ́ pé ó ti já fúnra rẹ̀, ọmọ á sáré wá. Dókítà wá là á mọ́lẹ̀ pé tí egbò náà ò bá padé láìpẹ́, gígé ni ẹsẹ̀ yẹn. Ọmọ padà sídìí oògùn rẹ̀, ó ń tún un pò, ó ń tún un pò, títí ojú rẹ̀ fi jìn wọnú.

Wọ́n ní kì í ṣe gbogbo ohun tójú rí lẹnu ń sọ. Ẹnu tèmi ò mọ ìyẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé ṣòkòtò tí mo bá Bàbá dín wọlé, àfi bí mo ṣe bá wọn tí wọ́n ń ṣí báńdéèjì ọ̀hún létí, tí wọ́n ń fún ojú pọ̀ nítorí ìrora. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé pé àgbà ni wọ́n. Ojú wọn níbẹ̀ ni mo ti pe ọmọ lórí fóònù.

Ó dé, kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ náà.

“Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n gé e ni?”

Bàbá ní láyé òwú, ojoojúmọ́ làwọn ń rí ọmọ àwọn. Látìgbà tí báńdéèjì ọlọ́sẹ̀ kan yìí ti dé, ọ̀sẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ parí káwọn tó gbóhùn ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n tí báńdéèjì bá já, dandan ni kó wá. Ibẹ̀ ni ìbínú mi tán sí.

“Ẹ jẹ́ kó jiná,” ọmọ wí. “Tó bá jiná, màá ṣì máa wá.”

“Wá ṣe kí ni?”

Ó lẹ báńdéèjì tuntun mọ́ ọn, ó fọwọ́ tẹ etí rẹ̀ yípo.

“Ó rẹ̀ mí, Bàbá. Màá máa wá sùn.”

Níbi tó jókòó sí náà ló gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì, oorun sì gbé e lọ. Bàbá na ẹsẹ̀ yẹn síwájú, wọn ò mì ín títí ọmọ fi jí.