Orúkọ Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Pa Rẹ́

Òórùn léèsì tuntun, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ọ̀rá rẹ̀, ṣì máa ń bà mí nínú jẹ́ títí di òní. Ìwọ tí o ti wọ Kantin Kwari rí, ọjà aṣọ Kano, mọ òórùn tí mò ń wí. Ó jọ ti sítáàṣì, ó jọ ti kẹrosíìnì díẹ̀, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ara àwọn tó ń tà á débi pé ọṣẹ kò lè ṣí i kúrò. Bí Ìyá Ìbejì bá ti ọjà dé nírọ̀lẹ́, tó sì yà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Enugu Road, òórùn yẹn ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí òun alára tó wọlé. Lẹ́yìn náà ni wàá gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?" Kì í dúró gbọ́ èsì. Á ti gbé kúlà kékeré kan lé orí tábìlì, láàárín àwọn kọ̀ǹpútà tí mo tú palẹ̀, tuwo àti miyan kuka gbígbóná á sì wà nínú rẹ̀.

Yàrá rẹ̀ ló kọjú sí ti ìyá mi nínú ọgbà tí wọ́n ti bí mi. Nígbà tí ìyá mi kú, ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé kó máa bọ́ mi. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ ni, kò sì dáwọ́ dúró nígbà tí mo dàgbà tí mo gba ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Ìbejì ni gbogbo ọgbà ń pè é. Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ni wọ́n ń kọ sínú ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Èmi ń pè é ní Màmá. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: ọmọdé tó bá pe àgbà lórúkọ, etí rẹ̀ á gbóná. Nítorí náà, n kò pè é lórúkọ rí, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé ó yẹ kó ní òmíràn. Ọ̀wọ̀ ni mo kà á sí nígbà náà. Lónìí, n kò mọ ohun tí ǹ bá kà á sí mọ́.

Àwọn ìbejì ti dàgbà, wọ́n ti lọ. Ìdòwú ló kù sọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọ tó bí tẹ̀lé wọn. Kano ni wọ́n bí Ìdòwú sí, Hausa rẹ̀ sì dán bíi ti ọmọ inú ìlú àtijọ́, ṣùgbọ́n tó bá kan Yorùbá, ahọ́n rẹ̀ á wúwo. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò kàn lè sọ ọ́ ni. Ohun kan ṣoṣo ló sì ń wù ú láyé, kó di nọ́ọ̀sì. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan wà nítòsí ìlú wa tó máa ń fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ọmọ bíbí ibẹ̀, èsì ìdánwò rẹ̀ sì dára. Ìwé ẹ̀rí pé ọmọ ìlú ni ló kù. Fún oṣù méjì gbáko ló fi ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi kí n kọ́ òun ní Yorùbá, kí àwọn tó máa fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò má baà fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bọ̀ọ̀dá Kọ̀ǹpútà, abeg," ló máa ń sọ, "báwo ni mo ṣe máa sọ pé I wan dey take care of sick people?"

"Mo fẹ́ máa tọ́jú àwọn aláìsàn."

Á tún un sọ, á ṣì í sọ, á rẹ́rìn-ín, á tún un sọ títí táwọn oníbàárà mi á fi máa bá a sọ ọ́. Orúkọ tó ń pè mí nìyẹn láti kékeré, Bọ̀ọ̀dá Kọ̀ǹpútà.

Ṣé o rí ìwé ẹ̀rí yẹn, ó nira fún irú wa. Ní Kano, bí o bá ní ìwọ ọmọ ibí ni, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bí o bá délé tí o ní láti Kano lo ti wá, wọ́n á tún rẹ́rìn-ín. Àwọn kan sì ti ń ra ìwé náà lọ́wọ́ àwọn aṣojú ẹgbẹ́, àwọn àjèjì ń fi gba àyè àwọn ọmọ wa, ni àwọn àgbà ilé bá pàṣẹ pé ẹ̀ka ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìkànnì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà níbẹ̀. Ẹni tí orúkọ òbí rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, kò síwèé fún un. Èmi ni ẹ̀ka Kano gbé iṣẹ́ náà fún. Mo dìde nípàdé, mo sì fọ́nnu pé láti ọjọ́ náà lọ, kò ní sí mo-mọ-ẹnì-kan mọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìyá Ìbejì ló pàtẹ́wọ́ pẹ́ jù.

Ní àkọ́kọ́, mo ṣe é kí oníkálukú máa kọ orúkọ rẹ̀, kó sì yan pásíwọọ̀dù. Háà, ojú mi rí nǹkan! Gbogbo ọjọ́ Monday ni wọ́n máa ń tò síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ti gbàgbé. Bàbá kan kọ tirẹ̀ sẹ́yìn káàdì ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fi káàdì náà sílẹ̀ sínú agbádá tó gbé fún alágbàfọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ àwọn tó tó bàbá mi. Ni mo bá ronú ọgbọ́n kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ní àkáǹtì lórí ìkànnì ìbáraẹnidọ́rẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo fọ́tò àwọn ọmọ-ọmọ, tí wọ́n sì ti ń polówó ọjà. Mo fi bọ́tìnnì kan sórí ìkànnì wa. Bí o bá ti tẹ̀ ẹ́, àkáǹtì tí o ti ní níbòmíràn náà ló máa fi ọ́ wọlé, orúkọ àti fọ́tò tó wà níbẹ̀ á sì bọ́ sínú ìwé orúkọ ẹgbẹ́. Kò sí pásíwọọ̀dù tuntun, kò sí kíkọ nǹkan kan. Mo tilẹ̀ yọ ibi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ fúnra wọn kúrò pátápátá, mo ní ìdààmú lásán ni. Mo pa gbogbo èyí tí wọ́n ti kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́, mo ní kí gbogbo wọn tún un ṣe. Inú mi dùn sí ara mi gan-an ni.

Lọ́jọ́ kejì tí mo fi bọ́tìnnì náà hàn wọ́n nípàdé, Ìyá Ìbejì yà bí ìṣe rẹ̀, kúlà lọ́wọ́. "Mo ti tẹ̀ ẹ́ o, ọmọ mi. Ó ní káàbọ̀." Mo ní ó dára, Màmá. Ọwọ́ mi wà nínú ikùn kọ̀ǹpútà kan, n kò gbójú sókè. Ìṣẹ́jú kan péré ni ì bá gbà mí láti wò ó.

Kò pẹ́ tí ilé fi pè wá pé àwọn orúkọ tí kò jọ tiwa ti ń wọlé. Òótọ́ ni, ojú pópó ni bọ́tìnnì náà wà, ẹnikẹ́ni tó bá kọjá lè tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kí a gbá ibẹ̀ mọ́. Mo kọ ímeèlì sí gbogbo orúkọ tó rú wa lójú pé kí wọ́n wá sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àdírẹ́sì tó bá àkáǹtì wọn wá ni mo kọ ọ́ sí. N kò ronú pé nínú àwọn ìyá wa, bóyá ni ẹyọ ẹnì kan wà tó ń ka ímeèlì, tàbí tó mọ̀ pé òun tilẹ̀ ní i. Ẹni tó tà wọ́n ní fóònù ló ṣí i fún wọn.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, akọ̀wé ẹgbẹ́ wá jókòó tì mí, a ń mu kunu, òun ń ka orúkọ, èmi ń pa á rẹ́. A dé orí ọ̀kan tí fọ́tò rẹ̀ kò ní ojú èèyàn, ìdì aṣọ aláwọ̀ búlúù lásán. Hajiya Ladi Mai Leshi ni wọ́n kọ síbẹ̀.

"Haba, ẹ̀ǹjíníà!" ni akọ̀wé wí. "Hajiya kẹ̀? Tiwa kì í ṣe Alhaja ni?"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Mo tẹ̀ ẹ́, ó lọ.

Ìdòwú wọkọ̀ lọ sílé pẹ̀lú gbogbo ìwé rẹ̀ nínú fáìlì. Ní ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ máa gba ìwé kẹ́yìn, òórùn léèsì wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án gangan, àkókò tí kì í wá. Ìyá Ìbejì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di fóònù mú, kò gbé kúlà lọ́wọ́. "Ọmọ mi, wọ́n ní a ò sí níbẹ̀. Ìdòwú ní tó bá di aago mẹ́rin, ó parí."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Ẹ jẹ́ n wò ó." Mo jókòó, mo na ọwọ́ sí kíbọ́ọ̀dù, ìka mi sì dúró lójú kan. N kò mọ ohun tí mo máa tẹ̀. Mo ti jẹ oúnjẹ ìyá yìí fún ogún ọdún.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ yín?"

Ó wò mí. "Ìwọ ni o ń bi mí?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Abọ́sẹ̀dé."

Kò sí Abọ́sẹ̀dé kankan níbẹ̀. Mo gba fóònù rẹ̀, mo ṣí àkáǹtì tó fi tẹ bọ́tìnnì. Ìdì aṣọ búlúù yẹn ló yọ sí mi.  Mo bi í pé ta ló ṣí i fún un.

"Kwastoma mi ni, ní Kwari. Ó bi mí pé kí ni ìtumọ̀ orúkọ mi, mo ní ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ Sunday ni. Ó ní, 'To, Ladi kenan,' orúkọ ọmọ ọjọ́ Sunday lédè wọn. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń pè mí ní Hajiya Ladi oníléèsì. Ṣé òun ló fa wàhálà?"

Mo ní rárá. Mo ní ẹ̀rọ ló ṣe é. Irọ́ tí àwa oníṣẹ́ yìí fi ń bora nìyẹn, mo sì pa á fún un láìṣẹ́jú. Mo sáré kọ Abọ́sẹ̀dé síbẹ̀ fúnra mi, mo pe ẹni tó ń bójú tó ìwé ẹ̀rí nílé. Ohùn rẹ̀ tutù. "Orúkọ tó wọlé láago méjì ọ̀sán òní? Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kò ní sí mo-mọ-ẹnì-kan mọ́?" Alága pè wọ́n, akọ̀wé náà pè wọ́n. Èsì kan náà ni. Láago mẹ́rin kọjá díẹ̀, Ìdòwú pe ìyá rẹ̀. N kò gbọ́ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, akọ̀wé sọ ìtàn Hajiya náà fún àwọn kan lẹ́yìn ìsìn, ó ní èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé etí Ìyá Ìbejì. Kò bá mi jà, ì bá sàn kó bá mi jà. Ó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ kejì, mo dọ̀bálẹ̀, ó sì dá mi lóhùn pé, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀ǹjíníà. Ẹ kú iṣẹ́." Ìyá tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu imú mi rí ló ń fi ẹ bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń kí ọ̀gá báǹkì. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní òun ti dárí jì mí, ó fún mi lómi, ó sì ń fi ẹ bá mi sọ̀rọ̀ títí mo fi jáde.

Mo ti yọ bọ́tìnnì náà kúrò tipẹ́. Mo ti ṣe ìkànnì mélòó kan fún àwọn mìíràn lẹ́yìn náà, n kò sì jẹ́ kí ẹ̀rọ bá ẹnikẹ́ni sọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n n kò lè dẹ́bi fún bọ́tìnnì. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé àwọn tí à ń pè ní àjèjì sí wa, àwọn oníbàárà Kwari wọ̀nyẹn, wọ́n bi obìnrin yẹn léèrè orúkọ rẹ̀, wọ́n bi í ní ìtumọ̀, wọ́n wá èyí tó bá a mu nínú èdè tiwọn, wọ́n sì fi ń pè é tìfẹ́tìfẹ́. Àwa èèyàn rẹ̀ ni kò bi í. Nígbà tí àwọn yẹn sì fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ẹ̀rín ni mo fi rín.

Ìdòwú kò tún gbìyànjú mọ́. Ó ní ilé wo ni òun tún ń lọ? Ó bọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, òun ló sì ń darí rẹ̀ báyìí. Láìpẹ́ yìí, mo fẹ́ ra aṣọ fún ìyàwó mi, ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ síbẹ̀. Òórùn yẹn pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo kí i ní Yorùbá, mo ní, "Ìdòwú, ẹ kú ọjà o." Hausa ló fi dá mi lóhùn, pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́ tó ń rín sí gbogbo oníbàárà. Ó wọn léèsì náà, ó gé e, ó ká a dáadáa, ó sì fa ìwé rìsíìtì sọ́dọ̀.

"Wane suna zan rubuta?" Orúkọ wo ni kí òun kọ síbẹ̀.

Inú kọ́kọ́ bí mi, mo rò pé ó fẹ́ fi gún mi lọ́kàn ni. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé Bọ̀ọ̀dá Kọ̀ǹpútà ni mo jẹ́ fún un láti kékeré. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ó mọ orúkọ mi gan-an tàbí kò mọ̀ ọ́n. Mo sọ orúkọ mi fún un. Ó ní kí n tún un pè, kí òun má baà ṣì í kọ.