Èrò Tí Joris Gbọ́ Lẹ́nu Hiske

Hiske kò gba oyè ọ̀mọ̀wé, àwọn ọmọ ọdún kìíní ní yunifásítì ló ń kọ́ ní gírámà. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ kò pé o. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Reinders, ó ní kò sí ọ̀gá tó ń pàṣẹ nínú ọpọlọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké ló ń ti ara wọn, tí wọ́n ń fa ara wọn, títí apá kan yóò fi borí. Bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni òfin gírámà rí: olúkúlùkù ní ìwọ̀n agbára tirẹ̀, ibi tí ìjà wọn bá sì ti rọlẹ̀ ni gbólóhùn ti ń jáde.

Reinders fi í rẹ́rìn-ín. "Ṣé dókítà ọpọlọ lo fẹ́ dà ni? Lọ máa kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀-ìṣe, jàre."

Inú kíláàsì Hiske ni Joris Postma ti gbọ́ èrò náà. Joris wá fi kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé, Reinders yìí kan náà ló sì ń bójú tó o. Ẹ wo ìwọ̀sí. Orúkọ Hiske kò sí níbẹ̀.

"Àǹtí, ẹ máà bínú," Joris bẹ̀ ẹ́ nídìí kọfí. "Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ẹ ò tẹ èrò náà jáde nínú ìwé kankan rí. Tí wọ́n bá bi mí lọ́jọ́ tí mo bá ń gbèjà ìwé mi, màá dárúkọ yín. Ẹ wá dúró tì mí."

"Kí n wá dúró bí òpó?"

"Òpó tó rẹwà ni, mà."

Hiske gbà. Ní yunifásítì wọn, ọ̀rẹ́ méjì ló máa ń dúró ti ẹni tó ń gbèjà ìwé oyè rẹ̀, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ náà, obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ olùbéèrè, tó wá láti Yunifásítì Leuven, bi Joris pé ta ló kọ́kọ́ ro èrò yìí. Joris gbójú sókè wo aago.

"Ìbéèrè tó jinlẹ̀ nìyẹn, mà," ó ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń kẹ́kọ̀ọ́, ó ń yí ọ̀rọ̀ bírí bírí. Hiske mọ ohun tó ń dúró dè.

Ilẹ̀kùn ṣí. Òṣìṣẹ́bìnrin tó máa ń gbé ọ̀pá àṣẹ wá kéde òpin ìbéèrè wọlé, ó fi ọ̀pá náà kan ilẹ̀: "Àkókò ti tó."

"Ẹ lè parí gbólóhùn yín," alága ìgbìmọ̀ sọ fún Joris.

Orúkọ kan ṣoṣo ló kù.

"Mo ti parí, sà. Ẹ ṣeun."

Inú bí Hiske, síbẹ̀ ó dì mọ́ Joris nígbà tí gbogbo ènìyàn ń dì mọ́ ọn. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ń ṣàlàyé èrò náà ní kíláàsì nígbà tí ọmọbìnrin kan nawọ́.

"Mà, ṣebí èrò Ọ̀mọ̀wé Postma nìyẹn?"

Hiske yíjú sí gbogbo kíláàsì.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀."