Àbúrò Tó Ní Orúkọ Òyìnbó Méjì

Adébímpé alágbàfọ̀ kì í bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Aṣọ ló ń sọ fún un. Lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀ ní Bọ́ládé, nídìí tábìlì tó fi ń lọṣọ, ó ti mọ ẹni tó ń mutí àti ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni kò fẹ́ ka aṣọ rẹ̀: Akínbọ̀wálé.

Sítọ́kípà ni Akínbọ̀wálé, ní ilé ìkẹ́rù kan ní Apakun lọ́nà Éápọ́ọ̀tù. Owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba ní kí wọ́n san, ti kàn án. Ó ti ra rédíò tó tóbi ju àpótí lọ, ó ti ra bẹ́ẹ̀dì onírin, ó wá ku ẹni tó máa sùn síbẹ̀. Opó ni Adébímpé. Ó ti pẹ́ tẹ́nì kan ti bi í bóyá ó jẹun. Akínbọ̀wálé bi í. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dájọ́ tí ẹbí máa wá mọ ara wọn, Adébímpé sì sọ fún onílé rẹ̀ pé òun máa kó jáde.

Ìgbà náà ni Ọmọ́lẹ́wà ti Oǹdó dé, tòun ti báàgì kan àti ẹ̀rín tí ò nídìí.

"Kọ́sìn mi ni," Akínbọ̀wálé sọ fún Adébímpé. "Iṣẹ́ ló ń wá."

Kò burú. Ta ni ò wáṣẹ́ wá s'Ékòó lásìkò yẹn? Àmọ́ lọ́jọ́ tí Adébímpé lọ kó aṣọ ní ilé Akínbọ̀wálé n'Ísọlọ̀, Bàbá Bùràímọ̀ tó nilé jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Kò sí nílé o. Sísítà ẹ̀ ló wà nínú."

"Sísítà ta ni, bàbá?"

"Tiẹ̀ ni. Akínbọ̀wálé ló fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Ojú wọn ò kàn jọra."

Adébímpé kó aṣọ, ó bá tiẹ̀ lọ. Nígbà tí Tíṣà Olúbọ̀wálé, ará Èkìtì, wá gba ṣòkòtò funfun rẹ̀ ní Bọ́ládé, ó bi í pé, "Tíṣà, kí ni wọ́n fi mọ sísítà yàtọ̀ sí kọ́sìn?"

"Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ni?" Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Sísítà, ọmọ bàbá yín tàbí ọmọ ìyá yín tó jẹ́ obìnrin nìyẹn. Kọ́sìn, ọmọ tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá yín bí, tàbí ti ìyá yín. Òyìnbó kì í da méjèèjì pọ̀. Àwa la máa ń dà wọ́n pọ̀, torí àbúrò náà là ń pe gbogbo wọn. Ẹ má fìyẹn bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́."

Adébímpé wọ́n omi sórí ṣòkòtò. "Tí àbúrò bá kó gbogbo wọn, kí ló dé tí Akínbọ̀wálé ò pè é ní àbúrò? Yorùbá la fi ń fẹ́ra wa látọjọ́ yìí. Ẹni tó ní àbúrò nílé kì í lọ yá a lọ́wọ́ òyìnbó."

"Ẹ rọra, Àǹtí. Áyọ́ọ̀nù yín ti ń jó mi níṣòkòtò."

Nínú ẹrù tó kàn, yẹ̀rì obìnrin wé mọ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò Akínbọ̀wálé. Àbúrò lè da aṣọ pọ̀ mọ́ ti ẹ̀gbọ́n, Adébímpé ní, ó sì fọ̀ ọ́. Àmọ́ ó fọ̀ ọ́ pẹ́.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó gbé aṣọ lọ s'Ísọlọ̀. Ó bá Ọlọ́runyọmí nílé, àbúrò Akínbọ̀wálé, ọmọ ìyá rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Oǹdó dé. Irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì ń hù lọ́wọ́. Ọmọ́lẹ́wà fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ. Ọmọ́lẹ́wà ti ẹ̀yìnkùlé wọlé, ṣíbí ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe rí ọmọkùnrin náà ló kúnlẹ̀.

"Eyínfúnjowó, ọkọ mi, ẹ káàbọ̀. Ṣé dáadáa ni wọ́n wà nílé?"

Adébímpé dúró pẹ̀lú aṣọ lápá. Òun náà ti jẹ́ ìyàwó rí. Nílé ọkọ rẹ̀ tó kú, ọmọ ọwọ́ tó bá nílé ló pè ní Akọ̀wé, torí ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Ẹni tó bá jẹ́ sísítà, Ọlọ́runyọmí ló máa pè é, á sì rán an lómi. Kọ́sìn náà á rán an. Ìyàwó nìkan ló ń kúnlẹ̀ fún ẹni tó jù lọ́jọ́ orí. Wọ́n ti kọ́ Ọmọ́lẹ́wà ní ohun tó máa sọ. Wọn ò rántí kọ́ orúnkún rẹ̀.

Akínbọ̀wálé, tó jókòó ti rédíò rẹ̀, ti rí ojú Adébímpé. Ó fà á sí kọ́rídọ̀.

"Bímpé, gbọ́. Riléṣọ̀n mi ni. Riléṣọ̀n."

"Ìkẹta nìyẹn," Adébímpé ní. "Ṣé òyìnbó ṣì kù?"

Ó padà wọlé, ó gbé aṣọ fún Ọmọ́lẹ́wà. "Ìyàwó, aṣọ ọkọ yín rè é. Yẹ̀rì yín wà nísàlẹ̀."

Ọmọ́lẹ́wà wo Akínbọ̀wálé, ó wo ilẹ̀. Ó fọwọ́ méjèèjì gba aṣọ. "Ẹ ṣé, mà," ó ní. Kò sẹ́.

Adébímpé gba ọ̀nà ilé. Ó bá onílé rẹ̀ níta, ó ní òun ò kó jáde mọ́.

"Kí ló dé?"

"Mo débẹ̀," Adébímpé ní, "mo bá onílé nílé."